Eyín Ni Mo Ń Jẹ, Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ìyìn ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹnu, tó fi oríkèé méjì so ó mọ́ ẹ̀bá etí bí ìkọ́ ilẹ̀kùn, tí a kì í sì í rántí dúpẹ́ lórí wọn àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ láti ṣí. Ìwọ tí mò ń kọ èyí sí, bóyá ẹni tí ẹ jọ ń sùn ti sọ fún ọ pé o ń pa eyín keke lójú oorun, tí o sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi rẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́, kà mí dé òpin kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí ẹnu rẹ, tàbí kó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Òrùlé ni mò ń kàn. Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, Òkè-Aró ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Mowé, Ìbàfò àti Arépo ni iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ilé-kéwú ni mo ti kọ́ ìwé, ti Lárúbáwá àti ti Yorùbá. Láti ìgbà tí mo ti ní irùngbọ̀n ni mo ti jẹ́ ládánì mọ́sálásí àdúgbò wa, èmi ni mò ń pe ìrun. Wọn kì í sanwó rẹ̀ fún mi, mi ò sì béèrè. Nínú gbogbo ohun tí mo ń ṣe láyé, òun nìkan ni mo rò pé mo ṣe dáadáa.

Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ dé. Tí mo bá jí, ẹ̀bátí mi méjèèjì á máa lù kìkì bí ẹni pé mo dé fìlà tó fún mi sùn. Mo pè é ní ibà. Ta ni kì í pe orí fífọ́ ní ibà lọ́dọ̀ wa? Mo mu oògùn ibà, mo mu àgbo lé e lórí. Kò lọ. Lẹ́yìn náà ni etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún mi ní èyí tí à ń kán sétí. Etí mi mu oògùn náà yó, ìrora ò yẹ̀. Tí mo bá gbé búrẹ́dì sẹ́nu láàárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á ti rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni tó ti fi òru jẹ pọ̀nmọ́ tí kò jinná.

Ìyàwó mi, Ìyá Kúdí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Bàbá Kúdí, kí lẹ ń lọ lóru?”

“Lọ bí i báwo?”

“Bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Kúdí jí, ó ní ṣé eku ló wọ àjà.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó wá oorun sùn, kó yé é ṣọ́ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, àárọ̀ kan ò mọ́ kó má sọ ọ́. Ayálégbé tí ògiri pín àwa àti rẹ̀ níyà náà béèrè ohun tí à ń gé lóru. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn nínú àìsàn yìí: gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, èmi nìkan ni kò gbọ́. Àìsàn mìíràn, ìwọ ni ẹlẹ́rìí ara rẹ. Ti èmi, àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ́rìí lé mi lórí, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni mo gbọ́dọ̀ gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lọ́nà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ifọ̀, Àǹtí Sìkírá là ń pè é. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lásán fún mi. Ìyàwó mi pè é lórí fóònù láti fi ọ̀rọ̀ tó o létí. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí fóònù já geere. Ìyàwó mi ní, “Àǹtí, Bàbá Kúdí ń jẹyín lójú oorun.” Ohun tí Àǹtí gbọ́ ni pé, “Bàbá Kúdí ń jẹun lójú oorun.”

Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ń sọ nípa ẹni tó ń jẹun lójú oorun: pé ọ̀tá ló ń bọ́ ọ, pé oúnjẹ yẹn ni yóò di àrùn sí i lára, tí yóò sì gbé e lọ. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gbóná, Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀yìn, omi sì ti wà lójú rẹ̀.

“Kàmọ́rù, ta lo ń bá jẹun?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Àǹtí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Eyín ni wọ́n ní mò ń jẹ.”

“Kí wá ni ẹni tó ń jẹun fi ń jẹ ẹ́? Ṣé etí ni?”

“Àǹtí, jẹyín ni mo wí, mi ò wí jẹun,” ni ìyàwó mi sọ lórí ìkúnlẹ̀.

“Jẹyín, jẹun, kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tí eyín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan kan lẹ́nu. Ìwọ o rí i tó ń jẹ ẹ́, o sì padà sùn. Ìyàwó kọ́ ni ọ́, sikiọ́ríìtì tó ń sùn ni ọ́.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó mi ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè fi ọwọ́ gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà. Gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún mi, jẹun ni wọ́n ń tọ́jú. Kò sẹ́ni tó tọ́jú jẹyín.

Àǹtí mú ààfáà kan wá láti apá Ifọ̀. Ó kọ hántù, ẹsẹ Kùránì, sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, mo mu ún láràárọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣeré, mo mu ún pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ààfáà yìí tún pàṣẹ pé oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ kan ẹnu mi lẹ́yìn ìrun Alaasárì, kí àwọn tó ń bọ́ mi lè mọ̀ pé mo ti ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n máa dìde kírun lóru, kí oorun má bàa wọ̀ mí lára jù. Èmi tó jẹ́ pé orí òrùlé ni mo ń wà látàárọ̀, ebi á máa pa mí, oorun á máa kùn mí. Obì goro ni mo wá ń rún kí ojú mi lè dá: kan kí n tó gun àkàbà, kan lọ́sàn-án, méjì lálẹ́ kí n lè jí pe Àsùbáà. Eyín náà kò dẹwọ́. Ó le sí i. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá kejì, òun náà sì bá wọn lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ariwo nìkan ló ń sá fún. Òun náà ti ń ronú ohun tí mò ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́. Tàjú, tí a jọ ń kan òrùlé láti ọjọ́ pípẹ́, ò mọ nǹkan tí à ń pè ní àṣírí. Nígbà tí Ramadan dé, ó dúró lórí igi ní Arépo, ó kígbe sí mi láti ìkángun kejì:

“Ládánì, ẹ̀yin kẹ́ ẹ má wulẹ̀ gbààwẹ̀ o. Wọ́n ní ẹ̀ ń jẹun títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ta ló wá ń bá yín jẹ sààrì?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo fi ìṣó dí ẹnu mi, mo ń kan iṣẹ́ mi lọ. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn? Ẹ fi sọ́kàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni orín. Àǹtí gbọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan pé tí mo bá fi orín ìfọyín dábùú ẹnu, tí mo fi aṣọ dè é mọ́ orí, kò sẹ́ni tó máa lè fi oúnjẹ sí i. Mo kọ̀. Ó sunkún, ó ní ṣé kí òun tún sin èmi náà ni. Mo gbà. Àárọ̀ tí mo jí, orín náà ti fọ́ yángá-yángá bí èyí tí ajá rún, ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, eyín iwájú mi kan ti ṣẹ́. Mo fi ahọ́n kàn án, ó mú bí etí páànù. Àǹtí wo orín tó fọ́ náà, ó ní, “Ṣé o rí bí wọ́n ṣe lágbára tó.”

Nígbà yẹn, ìrora ti kó jọ sí ẹ̀yìn ẹnu lápá ọ̀tún, mi ò sì mọ eyín tó ń dùn mí nínú wọn. Dípò ilé ìwòsàn, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń yọ eyín nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà. Ó fi irin gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kòkòrò ló wà nínú eyín ńlá tó wà lẹ́yìn. Ó fà á. Mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tó gbé e sínú àwo, mo yẹ̀ ẹ́ wò: funfun ni, gbòǹgbò rẹ̀ pé, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Mo bi í pé kòkòrò dà. Ó ní ó ti sá wọ eyín kejì, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ru ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú lọ sílé. Ìrora tí mo bá lọ, òun náà ni mo bá bọ̀, àyàfi pé eyín ti dín kan. Ẹni tó ń kà mí, tí eyín bá ń dùn ọ́ tí o ò mọ èyí tí ó jẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú irin.

Síbẹ̀, mo ṣì ń pe ìrun. Ẹnu mi kì í là tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oríkèé ẹ̀bá etí mi a máa ró kọ́ tí mo bá yánu, ṣùgbọ́n mo ń fi ara dà á. Títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mọ́sálásí ti kún, àwọn mìíràn ti tẹ́ ẹní síta. Mo dúró nídìí gbohùngbohùn, mo fi ọwọ́ kan etí, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá sídìí ìrun, mo la ẹnu kí ohùn lè gùn, mo sì gbọ́ kọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ, nítorí gbohùngbohùn gbé e jáde. Àgbọ̀n mi há síbẹ̀. Kò ṣí sí i, kò pa dé. Itọ́ ń dà sí àyà jalábíà mi. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n ń dúró de ìyókù ìpè.

Bàbá Lèmọ́mù wa dìde, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó parí ìpè náà. Nígbà tí a kírun tán, àgbọ̀n náà ti padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Baba pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kàmọ́rù, sinmi ìpè ná.”

“Baba, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mi ò lé ọ. Ipò rẹ ṣì wà. Ṣùgbọ́n ṣé o ti fi ẹnu yìí han dókítà?”

Mo ní ààfáà ń tọ́jú mi. Baba nawọ́ sókè sí àjà mọ́sálásí.

“Tí igi àjà bá ti tẹ̀ lórí ilé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ, àdúà lo kọ́kọ́ máa ń ṣe àbí o máa ń gùnkè lọ wò ó?”

“Mo máa ń ṣe bisimilá, Baba, kí n tó gùnkè.”

“Ó dáa. O ti ṣe bisimilá tó. Gùnkè.”

Mo sunkún lójú ọ̀nà ilé. Eyín tí wọ́n fà ò pa mí lẹ́kún tó ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò lè la ẹnu pe ìrun mọ́, kí ni wọ́n ń pè é ní ládánì fún?

Ilé ìwòsàn ìjọba tí a lọ, ìlà ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. A dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a sì bá èèyàn tó ti sùn síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan wọ́n ní dókítà eyín ò wá; lẹ́ẹ̀kan iná ò sí, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Mo ta ẹ̀rọ ìgégi mi kan kí n lè máa lọ, nítorí ọjọ́ tí mo bá wà lórí ìlà, mi ò sí lórí òrùlé. Àǹtí kì í bá wa lọ. Ó ní wọ́n máa fún mi lábẹ́rẹ́, àti pé abẹ́rẹ́ kì í bá ohun tó ń ṣe mí lọ. Lórí ìjókòó onípákó yẹn ni ìbẹ̀rù ti mú mi jù. Mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ni Àǹtí ń sọ, pé àkókò mi ló ń lọ lórí ìlà.

Nígbà tó kàn wá, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni dókítà náà. Ó ní kí n to ìka mi lé ara wọn láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mẹ́ta ló yẹ kó wọlé. Ìka kan ni ẹnu mi gbà. Ó fi dígí hàn mí: àwọn eyín ẹ̀yìn mi ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé wọ́n fi ìfági fá wọn. Ìyàwó mi fa fóònù yọ. Ó ti gba ohùn mi sílẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tó ń gbé ní Àgbàdo mọ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fi irin lọ irin tó bá fẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní kó pa á.

“Ṣé òótọ́ ni pé mò ń jẹun lójú oorun, mà?”

“Kò sí oúnjẹ níbẹ̀, Baba. Eyín ń jẹ eyín ni. Kí niṣẹ́ yín?”

“Káfíńtà, mà. Mò ń kan òrùlé.”

“Tí ẹ bá wà lókè, tí ọwọ́ kan di igi mú, tí èkejì mú òòlù, ibo ni ìṣó ń wà?”

Mo fi ìka han ẹnu mi. Ibi tí mo máa ń fi eyín di ìṣó mú ti dá kòtò kékeré sí eyín mi, láti ìgbà ìkọ́ṣẹ́.

“Ìṣó wo lẹ wá dì mú báyìí?”

Mo fẹ́ sọ pé kò sí. Ìgbà náà ni mo kíyè sí i pé eyín mi ti pàdé, wọ́n di ara wọn mú gírígírí, lórí ìjókòó ilé ìwòsàn, láìsí ìṣó, láìsí òrùlé.

“Ẹnu yín ò tíì sọ̀kalẹ̀ látorí òrùlé,” ni ó wí. “Lọ́sàn-án ò sọ̀kalẹ̀, lóru ò sọ̀kalẹ̀.”

Ó ní kì í ṣe ìṣó nìkan. Goro tí mò ń rún lálẹ́ wà níbẹ̀, ebi wà níbẹ̀, oorun tí mi ò sùn tó, àti ìbẹ̀rù tí mò ń gbé kiri. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe láti fi lé ọ̀tá, òun gan-an ló ń fi kún un. Ìyàwó mi wò mí, ó di ọwọ́ mi mú níwájú dókítà. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́ mi nìyí: ètè ni kí n máa pa dé, eyín ò gbọdọ̀ kan eyín àfi tí mo bá ń jẹun, kí ahọ́n sinmi sókè ẹnu. Kí n fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi lọ́wọ́ọ́rọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lálẹ́. Kí n jáwọ́ nínú goro, kí n jẹun alẹ́, kí n sùn. Wọ́n wọn eyín mi, wọ́n ṣe ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo ń fi bo eyín òkè sùn. Ó sọ fún mi gbangba pé ike náà ò lè wò mí sàn, pé òun ni yóò máa jẹ ìyà tí eyín mi ìbá jẹ. Eyín tí wọ́n fà, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i lọ́jọ́ yẹn.

Mo rán àpò sára ṣòkòtò iṣẹ́ mi fún ìṣó. Ó rọrùn láti wí. Ọwọ́ mi á lọ sí àpò, ìṣó á ti dé ẹnu kí n tó mọ̀. Tàjú á kígbe láti ìkángun kejì, “Ládánì, ẹ tu oúnjẹ yẹn dànù o.” Ìgbà yìí, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Àwọn oṣù kan wà tí kò sí ìyípadà rárá, tí ike náà lu bí ẹni pé èkúté jẹ ẹ́, tí mo tún lọ tò fún òmíràn. Mo ti rò ó nígbà kan pé ohùn mi ti lọ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì sàn tán. Apá ọ̀tún ò lè jẹ nǹkan líle, àlàfo sì wà níbi eyín tó kúrò. Tí òtútù bá mú tàbí tí ọkàn mi ò balẹ̀, ìrora náà á padà wá kí mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti padà sí yàrá. Láàárọ̀, kí n tó ṣe àlùwàlá, mo máa ń bi í pé, “Mo jẹyín?” Ó lè ní, “Ẹ jẹ díẹ̀.” Ó lè ní, “Ẹ dákẹ́.” Ọjọ́ tó bá ní mo dákẹ́, mo máa ń pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Àǹtí pè láìpẹ́ yìí. Ó ní, “Ṣé o ò jẹun lójú oorun mọ́?” Mo ní, “Àǹtí, mi ò jẹyín tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.” Ó ní Àlàmùdùlíláì, òun mọ̀ pé hántù yẹn á ṣiṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Òun ló tọ́ mi, ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń kà mí, bí ìfẹ́ àwọn èèyàn rẹ bá ti pọ̀ tó, rí i dájú pé wọ́n gbọ́ ohun tí o wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Lèmọ́mù ní kí n pe ìrun Alaasárì. Mo kọ́kọ́ fi ìka wọn ẹnu mi: méjì wọlé, ẹ̀kẹta dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ibi tí mo ti há lọ́jọ́ Jímọ̀, oríkèé náà tún ró kọ́, gbohùngbohùn sì tún gbé e jáde. Mo pa ètè dé. Mo jẹ́ kí eyín jìnnà síra wọn, ahọ́n sókè ẹnu, mo mí sínú, mo mí síta. Mo tún ẹnu ṣí, díẹ̀díẹ̀, mo sì pè é dé òpin.

Àwọn tó wà níta sọ pé ìpè ọjọ́ náà dá dúró ní àárín fún ìgbà pípẹ́, pé bóyá iná ló lọ.